Ẹni Tó Tọ́jú Káàdì Gbogbo Wa

Bàbá Jùbrílù kú láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a sì sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé ìwòsàn ìjọba tó fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sìn kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkàn rẹ̀ ló dákẹ́. A dúpẹ́ o. Bí wọn kò bá sọ fún wa, ṣé à bá tiẹ̀ mọ̀ pé ọkàn òkú kì í lù?

Òun ni akọ̀wé yàrá káàdì. Bí o bá dárúkọ fún un, á bi ọ́ léèrè àlàáfíà ìyá rẹ, kó o sì tó dáhùn tán, káàdì rẹ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ó bá mi rí èyí tí wọ́n kọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Mo fẹ́ràn bàbá náà.

Ó fẹ̀yìn tì ní 1983. Ọ̀gá tuntun rí i pé yàrá káàdì ló tutù jù, ó sọ ọ́ di ọ́fíìsì ara rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kó káàdì aráàlú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí òjò ti ń bá wa kà wọ́n.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ bàbá wú. Dókítà fún un ní oògùn ọkàn, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀. Nígbà tó padà lọ, wọn kò rí káàdì rẹ̀, wọ́n bá ya tuntun fún un. Dókítà mìíràn wo káàdì tó mọ́ tónítóní, kò béèrè ohun tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó sì kọ oògùn ọkàn. Alhaja Bùsírátù, ìyàwó bàbá, ní ṣé kì í ṣe pé ó ti pọ̀ jù báyìí. Bàbá dá a lóhùn pé, “Ohun tí dókítà bá kọ sí káàdì, a kì í jiyàn sí i.” Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló bi í?

Láràárọ̀ ni Alhaja ń mú ẹyọ kan nínú àpòòwé oògùn kọ̀ọ̀kan, ti dókítà àkọ́kọ́ àti ti èkejì, fún un. Kò pẹ́ tí bàbá fi ń bì. Ó ní gbogbo nǹkan ń ṣe yẹ́lò lójú òun, pé ọkàn òun á lù díẹ̀, á dúró, á tún sáré. Nọ́ọ̀sì ní ibà pọ́njú ni, kó máa lo oògùn rẹ̀ lọ. Ó sì lò ó dójú ikú.

Mo kó àpòòwé méjèèjì lọ bá apoògùn kan ní Ìbarà. Ó tú wọn wò, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Oògùn kan náà ni. Bó bá pọ̀ jù lára, á da lílù ọkàn rú.”

Àwọn ọ̀gá wá sí àdúà ọjọ́ kẹjọ pẹ̀lú lẹ́tà ìyìn nínú gíláàsì, pé òpó ilé ìwòsàn ni bàbá. Mo béèrè káàdì rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn ṣì ń wá a.

Ta ló kó káàdì wa sójò? Dókítà wo ni kò lè la ẹnu béèrè? Ẹ dárúkọ wọn, kí wọ́n wá sílé Alhaja. Lánàá, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi, ó ní, “Ọwọ́ yìí ni mo fi ń fún un, ọmọ mi. Ṣé èmi ni mo pa á?” Mo ní kì í ṣe òun. Kò gbà mí gbọ́, torí n kì í ṣe dókítà. Ẹni tó kọ oògùn náà ni kó wá sọ fún un lójúkojú.