Eré Tí Èmi àti Bàbá Mi Kò Parí

Bí mo bá ti gbóòórùn èédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi pa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bẹẹrẹ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa ń pa mí láyò ṣáá, nítorí náà mo fẹ́ dá eré tèmi sílẹ̀. Bàbá mi gbé òṣùká tí wọ́n ń fi àkísà ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì fi èédú bá mi ya ọ̀nà sórí pákó. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa, ó gba Ọjà'ba, ó la odò ńlá kan tí n kò mọ̀ kọjá, ó sì yí padà wálé. A ń da owó ẹyọ, a sì ń sún ọmọ ayò lórí rẹ̀.

Ọmọ ayò Bàbá bọ́ sódò.

“Àṣàkẹ́, mo kú nìyẹn?”

“Rárá o, Bàbá! Ẹni tó bá bọ́ sódò á padà sílé, á tún bẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Kí odò náà gbọ́ o.”

Ẹnìkan pè wọ́n láti ìta. Wọ́n mú òṣùká wọn.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ ná.”

“Tí mo bá dé.”

Mo ti di tíṣà kí n tó mọ̀ pé ẹrù ogun òyìnbó ni wọ́n lọ rù dé Kamẹrúùnù, àti pé odò ló gbé wọn lọ lójú ọ̀nà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n jáde nílé yẹn, mo dá ọmọ ayò wọn padà sẹ́nu ọ̀nà wa lórí pákó, mo sì jókòó tì í, mò ń retí wọn.