Ìjókòó Ojú Fèrèsé tí Bàbá Kòfó Yàn

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkọ mi, Othniel Akínṣọlá, tí gbogbo Apòmù ń pè ní Bàbá Kòfó, fi wa mọ́tò láti Gbọ̀ngán lọ sí Ìbàdàn. Kò wọ bàálù rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó dára jù láti jókòó nínú bàálù, òun lẹ máa bi.

Gbogbo ẹni tó bá ti òkè òkun dé, iwájú mọ́tò ló máa ń fi wọ́n sí, kó lè ráyè bi wọ́n léèrè. Ohun tó rí kó jọ nìyí: má jókòó sórí apá bàálù, á bo ilẹ̀ mọ́ ẹ lójú. Má bọ́ sẹ́yìn apá, ooru ẹ́ńjìnnì á máa mú kí ilẹ̀ gbọ̀n bí omi. Iwájú apá ni kí o wà. Kí o sì bèèrè dáadáa, torí ìjókòó kan wà tí wọ́n ń pè ní ojú fèrèsé, ògiri lásán ló wà níbẹ̀. Ojúmọmọ ni kí o lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí o mú, torí bí bàálù bá gbéra ní Èkó tó kọrí sí Òkè Ọya, ọ̀tún ni Ìkirè àti Apòmù máa wà.

Ó kun páànù ilé wa ní búlúù, ká lè dá a mọ̀ látòkè. Soliat, aládùúgbò wa, fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Bàbá Kòfó, ṣé ẹyẹ lẹ fẹ́ fi ilé yín hàn ni?"

"Rọra o. Ọjọ́ tí èmi àti Ìyá Kòfó bá ń kọjá lókè, a ó juwọ́ sí ẹ."

Ọdún tó kọjá ló kú. Iwájú ilé yẹn la sin ín sí, lábẹ́ etí páànù búlúù náà. Nígbà tó yá, Kòfowórọlá, ọmọ wa, ní kí n wá máa bá òun gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju ìjókòó ojú fèrèsé lọ. Bí bàbá rẹ̀ ṣe wí gẹ́lẹ́ ló ṣe gbà á fún mi. Mo fẹ́ wo páànù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí mi ò mọ ìgbà tí n ó padà.

Mo dé ìdí ìjókòó mi nínú bàálù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Khalid, ọmọ Ìwó, dìde kí n lè wọlé. Mo bi í bí èrò mọ́tò ṣe ń bi ara wọn:

"Ọmọ mi, níbo lo ti ń bọ́ sílẹ̀?"

"Kánádà ni mò ń lọ, mà."

"Áà! Lọ́ńdọ̀nù ni tèmi. Ìwọ ni kí o wọlé."

"Mà, ojú fèrèsé yìí, tiyín ni."

"Mo ní kí o wọlé! Ẹni tó ń lọ jìnnà ló ń jókòó sínú."

Òfin Bàbá Kòfó nínú mọ́tò rẹ̀ ni. Ẹni tó máa bọ́ lójú ọ̀nà ní Wásinmi kò gbọdọ̀ jókòó sínú, kó wá máa tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ kọjá. Ó já obìnrin kan sílẹ̀ rí nítorí ẹ̀, lọ́jọ́ òjò. Ṣé kí èmi ìyàwó rẹ̀ wá rú u? Mo lérò pé màá máa nàgà wò.

Bàálù gbéra. Ọ̀tún ni oòrùn àárọ̀ ń ràn sí. Ìyẹn nìkan ni wọn ò sọ fún Bàbá Kòfó. Khalid fa ìbòjú fèrèsé wálẹ̀, ó sùn lọ. Mo na ọwọ́ sí ìbòjú náà, mo tún fa ọwọ́ mi padà. Èmi tí mo fúnra mi ní kó wọlé, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi jí i?

Wọ́n pín oúnjẹ, wọ́n kó abọ́, kó tó jí. Ó rí i pé ìbòjú fèrèsé náà ni mo tẹjú mọ́.

"Mà, kí lẹ fẹ́ máa wò tẹ́lẹ̀?"

Mo sọ fún un. Ó fò dìde, ó forí gbá òkè.

"Yéè! Ìyá, èmi náà ń bọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù! Bàálù mìíràn ni mo máa wọ̀ níbẹ̀! Ẹ wọlé, ẹ wọlé!"

Mo wọlé, mo ṣí ìbòjú. Iyanrìn ni. Iyanrìn pupa lọ títí, kò sí igi, kò sí ọ̀nà, kò sí páànù kan. Ó ní a ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ tipẹ́.

Mo fi etí ìborùn mi nu gíláàsì náà.

"Ìyá, kò dọ̀tí o," ó rọra wí.

Mo mọ̀. Mo ṣáà ń nù ún.