Bí Mo Ṣe Yan Ojú Kámẹ́rà fún Ọmọ Àbúrò Mi

Nígbà tí àbúrò mi gbé ọmọ rẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn ní Parakou, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé kí n má tan fláàṣì nínú yàrá yẹn. Ọmọbìnrin náà ti dé ṣáájú àkókò rẹ̀. Orí rẹ̀ kò ju ọsàn ńlá kan lọ, awọ ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé a ń rí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí ti kọ́ àbúrò mi bí yóò ṣe máa so ó mọ́ àyà, ara sí ara, fìlà àti ìlédìí nìkan lára ọmọ, kí ooru ara ìyá lè máa mú un dàgbà. Bó ṣe wà nìyẹn tọ̀sán-tòru, lórí ẹní, tó fẹ̀yìn ti ògiri, nínú yàrá tí ìyá wa fún un ní ilé wa ní Tchaourou. Ọkọ rẹ̀ wà lóko kajú ní Kika, ó sì máa ń gun alùpùpù wá wò wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe. Mo ń ya ìgbéyàwó, mo ń ya ìkómọ, mo ń ya fọ́tò ìwé ìdánimọ̀, mo sì máa ń lọ sí Sanson àti Bétérou bí wọ́n bá pè mí. Ojú kámẹ́rà tí mo ní nígbà náà ni èyí tó bá kámẹ́rà wá, èyí tí a lè fi fa nǹkan súnmọ́ tàbí kí a fi tì í sẹ́yìn. Ó tó mi lò nínú oòrùn àti lábẹ́ àtíbàbà. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń fẹ́ lákòókò yẹn. Nítorí òtútù àti eruku, a kì í ṣí fèrèsé yàrá náà ju díẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kò sì tó nǹkan. Mo ya bíi mélòó kan láìtan fláàṣì. Gbogbo wọn ṣókùnkùn, wọ́n sì rí wúruwùru, torí èémí àbúrò mi nìkan ti tó láti gbé ọmọ náà sókè kó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí kámẹ́rà tó pa ojú dé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá nǹkan ṣe sí i,” àbúrò mi wí. “Mo fẹ́ ní fọ́tò rẹ̀ báyìí, bó ṣe rí yìí.”

Ìyá wa ń da omi gbígbóná sínú ife. “Ẹ jẹ́ kó gbó díẹ̀ ná,” ló wí. “Kí la fẹ́ fi fọ́tò ṣe lónìí?”

Gbogbo wa mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. A kò pe èrò sí ìkómọ. Àlùfáà nìkan ló wá, ó ṣe àdúà, ó sì lọ. Àbúrò mi wo orí ọmọ náà, ó ní, “Bí kò bá dúró ńkọ́, Màmá? Ṣé kí n wá máa wá ojú rẹ̀ kiri nínú orí mi ni?”

Ìyá wa gbé ife náà kalẹ̀, ó jáde lọ sí àgbàlá.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ táksí lọ sí Parakou, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tí mo ń pè ní Tọ̀ntọ́n bí ìgbà tí èèyàn ń pe àbúrò bàbá rẹ̀. Ó ti dàgbà, ó ti ń dín iṣẹ́ kù, ó sì ti sọ fún mi tipẹ́ pé bí mo bá nílò ojú kámẹ́rà, kí n wá mú nínú tòun. Mo sọ fún un pé èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó lè gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa ni mo ń wá, bí kò tilẹ̀ lè fa nǹkan súnmọ́.

“Kí lo fẹ́ yà?” ó bi mí.

“Ọmọ àbúrò mi ni, Tọ̀ntọ́n.”

“Báwo ló ṣe tóbi tó?”

Mo na ọwọ́ mi méjèèjì, mo fi hàn án. Ó wo àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ mi fúngbà díẹ̀ kó tó dìde. Nígbà tó padà, ojú kámẹ́rà méjì ló kó wá, ó fi aṣọ funfun wé wọn. Àwa oníṣẹ́ a máa fi nọ́mbà tó wà lára wọn pè wọ́n: ọ̀kan jẹ́ àádọ́ta, èkejì jẹ́ márùndínlógójì. Kò sí èyí tó ń fa nǹkan súnmọ́ nínú wọn. Bí èèyàn bá fẹ́ kí nǹkan tóbi, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn lọ bá a. Ibi tó há ni àádọ́ta ń rí, ó sì máa ń mú ojú èèyàn jáde gan-an. Ibi tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni márùndínlógójì ń rí.

“Èwo ni kí n mú, Tọ̀ntọ́n?”

“Èmi kọ́ ni màá wọ yàrá náà,” ó wí. “Kó méjèèjì lọ. Èyí tó bá bá ọ mu, fi ṣe tìrẹ, kí o dá ìkejì padà fún mi. Bá mi kí àbúrò rẹ.”

Àádọ́ta ni mo kọ́kọ́ fi sí i, torí òun ni ọkàn mi ti ń fẹ́ láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń wọlé ti tó o. Mo rí irun ìpéǹpéjú ọmọ náà, mo rí irun tín-ín-rín tó wà létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ rí ìyá àti ọmọ láti orí títí dé ẹsẹ̀, àfi kí n sún sẹ́yìn, mo sì ń sún títí tí ibùsùn fi dí mi lọ́nà. Mo wá ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń yà wọ́n láti ibẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ dúró síta bí àlejò?”

“Kí n lè rí ẹ̀yin méjèèjì ni.”

“Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ níbẹ̀ yẹn. Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́.”

Mo wọlé. Síbẹ̀, ọ̀kan wà nínú àwọn tí mo yà lọ́jọ́ náà tí àbúrò mi fẹ́ràn gan-an: ọmọ náà nìkan, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, wàrà létí ètè rẹ̀. Ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó ń wò ó títí tí bátìrì fi fẹ́ kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pààrọ̀ sí márùndínlógójì. Mo jókòó sórí ẹní, ẹsẹ̀ mi ń kan ẹsẹ̀ àbúrò mi, mo sì rí gbogbo wọn. Mo lè na ọwọ́ tún fìlà ọmọ ṣe, kí n sì máa yà wọ́n lọ láìdìde. A ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀, a ń sọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò, mo ń yà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ń dun àbúrò mi, ó sì fẹ́ wẹ̀. Agbẹ̀bí ti sọ pé ẹlòmíràn nínú ẹbí lè gba ọmọ fún un. Ìyá wa bọ́ bùbá rẹ̀, ó jókòó, mo sì bá a so ọmọ náà mọ́ àyà. Ọmọ yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sùn. Mo rò pé ìyá wa yóò ní kí n gbé kámẹ́rà kúrò níwájú òun. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bi mí pé, “Ṣé ó ń rí èmi náà?”

“Ó ń rí yín, Màmá.”

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Kí wọ́n tó bí mi, ọmọkùnrin kan ti wà, tó dé ní kékeré bí eléyìí. Òwú ni wọ́n fi wé e, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn nígbà náà pé àyà ìyá ló yẹ kó wà. Kò pẹ́ tó fi lọ.

“Mo máa ń gbìyànjú láti rántí ojú rẹ̀,” ó wí. “Ojú tìrẹ ni mo ń rí. Ìwọ lo dé tẹ̀ lé e.”

Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́sẹ̀, mo sì fi í síbẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, “Yà á. Yà mí mọ́ ọn.”

Mo yà wọ́n. Nínú fọ́tò náà, ìyá wa kò wo kámẹ́rà. Orí ọmọ ló ń wò, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra lórí aṣọ. Ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀ nísàlẹ̀, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. N kò gé e kúrò.

Nígbà tí mo gbé àádọ́ta padà lọ, ọ̀gá mi wo àwọn fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ lórí èyí tí àbúrò mi fẹ́ràn.

“Àádọ́ta ló mú ojú jáde jù,” ó wí.

“Mo mọ̀, Tọ̀ntọ́n.”

“Kí ló wá dé tí o fi dá a padà?”

“Yàrá náà kéré, n kò sì fẹ́ jáde níbẹ̀.”

Ó ní dakọ́ọ̀, pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá inú àpótí rẹ̀ títí, ó sì rí ìdérí márùndínlógójì fún mi.

Ọmọ náà dúró. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọkọ àbúrò mi wá kó wọn lọ sí Kika. Mo lọ kí wọn nígbà tí iṣu tuntun jáde. Ọmọ náà jókòó lórí ẹní lábẹ́ igi kajú, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo yà á. Ó wò mí, ó rò ó wò díẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Mo fi kámẹ́rà kọ́ èjìká, mo gbé e. Ó ti wúwo. Àbúrò mi tó ń gún iyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ní kí n ṣọ́ra, pé ọmọ náà máa ń fa yẹtí èèyàn. Ó ti fa tèmi kí ìyá rẹ̀ tó sọ ọ́ tán.