Abọ́ Eyínfúnjowó

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń jí mi. Kì í ṣe àkùkọ, kì í sì í ṣe ìyá mi. Èéfín á kọ́kọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á wá bá mi lórí ẹní, á sì wọ inú aṣọ tí mo fi bora. Tí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀ báyìí, mo mọ̀ pé àbúrò bàbá mi ti ti etí odò dé, pé ó ti to ẹja tó rà lọ́wọ́ àwọn apẹja sórí ààrò, àti pé bí mo bá tètè dìde, màá bá èyí tó fọ́. Èyí tó bá fọ́ kì í dọ́jà, tèmi ni. Ni màá bá sáré jáde láìbọ́jú, tí ìyá mi á sì máa pariwo tẹ̀ lé mi láti inú yàrá pé, "Àṣàkẹ́! Ṣé ojú ọ̀bún yẹn lo fẹ́ gbé lọ kí èèyàn?"

Eyínfúnjowó ni ìyá mi ń pe àbúrò bàbá mi yìí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nírú agbo ilé tí mo ti dàgbà, ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í dárúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni Eyínfúnjowó nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi wọlé. Eyín rẹ̀ funfun, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rín, bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn, tí gbogbo ìyàwó ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi ń pè é ní "àbúrò". Ìyá àgbà ń pè é ní Àjọkẹ́, ṣùgbọ́n tí ìyá àgbà bá pe Àjọkẹ́ nílé wa nígbà náà, èèyàn mẹ́rin ló ń dáhùn. Èmi ń pè é ní Àǹtí Eyínfúnjowó. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an lọ́jọ́ ìkómọ, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún méje wo ló ń béèrè irú ẹ̀?

Ó ti lọ sílé ọkọ rí, ó sì ti padà wálé láìrí ọmọ bí. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi gbà mí lọ́wọ́ ìyá mi pátápátá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo máa ń wà lójoojúmọ́ tí a bá ń lọ sódò. Etídò ni wọ́n ń pe abúlé wa, lápá Lágelú, odò náà sì wà lẹ́yìn ilé gan-an. Òkun ni èmi pè é. Ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó rí ló júwe òkun fún àwa ọmọdé, ó ní omi ni lọ súà, pé èèyàn ò ní rí òdìkejì. Mo lọ dúró létí odò tiwa lásìkò òjò, mi ò rí òdìkejì. Ó parí nìyẹn, òkun ni! Pé koríko ló ga jù mí lọ, kò wá sí mi lọ́kàn. Eyínfúnjowó á máa bá àwọn apẹja ná ẹja, ojú rẹ̀ á sì wà lára mi. "Àṣàkẹ́, má wọ inú omi o. Ibi tí mo ti lè máa rí ẹ ni kó o dúró sí."

Nígbà tí a kó kúrò níbẹ̀ dé Ṣágámù, mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé etí òkun ni wọ́n ti bí mi. Tíṣà ní kí n wá fi ìlú mi hàn wọ́n lórí máàpù. Mo fi ìka lé Ìbàdàn. Ẹ̀rín tí wọ́n rín mi lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo bá ọmọ méjì jà, ṣùgbọ́n mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí a kúrò ní Etídò ni kò yé mi títí dòní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá mi ṣàìsàn, àwọn aládùúrà gbàdúrà fún un, ara rẹ̀ yá, ó sì wọ sùtánà funfun wá sílé tó jẹ́ pé Mùsùlùmí ni gbogbo wọn. Ohun tí bàbá àgbà sọ fún un, mi ò gbọ́. Mo kàn jí lọ́jọ́ kan ni, mo rí ibùsùn wa lẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá mi ń sunkún, bàbá mi kò wo ẹ̀yìn. Ọkọ̀ ti ń mì kí Eyínfúnjowó tó sáré dé pẹ̀lú abọ́ tánganran kan, èyí tó ní òdòdó pupa létí. Ẹja yíyan ló kún inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ mẹ́fà. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

"Oúnjẹ ọ̀nà ni," ó ní. "Àṣàkẹ́, ìwọ ni kó o dá abọ́ mi padà o."

Mo ní, "Lọ́la."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún méjìléláàádọ́ta ni lọ́la yẹn gbà. Bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ orúkọ abúlé náà sétí títí ó fi kú, ìyá mi kò sì lè kọjá ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀. Èmi ńkọ́? Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo rán aṣọ, mo bímọ, mo sin ọkọ, mo ń sọ lọ́dọọdún pé tí ọdún Àjíǹde bá kọjá màá lọ. Ojú ló kọ́kọ́ ń tì mí, nígbà tó yá ẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n a kò fi abọ́ yẹn jẹun rí nílé wa. Ìyá mi á fọ̀ ọ́, á nù ún, á sì gbé e padà sórí àpótí. "Nǹkan olóhun ni," ó máa ń wí. "Abọ́ tí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá kì í padà lófìfo. Ẹ jẹ́ ká rí nǹkan tó dáa fi sí i ná." Kò rí nǹkan tó dáa náà títí ọlọ́jọ́ fi dé lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi gbẹ̀yìn kò ju mẹ́ta lọ: "Àṣàkẹ́, abọ́ yẹn."

Mo rọ gààrí Ìjẹ̀bú kún un, mo fi aṣọ dì í, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Olódò, mo gun ọ̀kadà. Gbogbo ibi tí mo rò pé mo mọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ibi tí mo fi sọ́kàn pé igbó ni, ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ni. Géètì ńláńlá, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé tí kò tíì lórùlé. A sáré kọjá afárá kékeré kan, a ṣì ń lọ, mo wá bi ọlọ́kadà pé ìgbà wo la máa dé ibi omi ńlá yẹn.

"Omi wo, Mọ́mì?"

"Odò Etídò."

"Ha, a ti kọjá ẹ̀ o! Abẹ́ afárá tá a kọjá lẹ́ẹ̀kan yẹn ni."

Mo ní kó dá mi padà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wò ó. Tí mo bá wọ inú rẹ̀, kò ní mù mí dé orúnkún. Ewúrẹ́ kan ń mumi lódìkejì, mo sì rí i kedere, títí dórí irùngbọ̀n rẹ̀. Inú bí mi, mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Mo bi àwọn ọ̀dọ́ ní ìdúró ọ̀kadà pé ilé Eyínfúnjowó dà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, orúkọ èèyàn nìyẹn?" Mo ní ọmọ Sámúẹ́lì ni mí, ẹni tó kúrò níbí tipẹ́. Wọ́n ní kò sí Sámúẹ́lì lábúlé àwọn rí. Ọlọ́kadà mi ló wá rántí pé ìyá àgbà òun máa ń pe ìyá kan, Ìyá Ráfíù, bẹ́ẹ̀, ó sì gbé mi dé iwájú ilé rẹ̀.

Ìyá arúgbó kan ló jókòó síbẹ̀, ó ń gé ilá. Kò sí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, ayé o, àkókò ti kó eyín náà lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin ni Eyínfúnjowó?"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni o! Ta ló pè mí bẹ́ẹ̀? Gbogbo àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti kú tán!"

Mo kúnlẹ̀ gbì. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni. Mo dá abọ́ yín padà ni."

Ìyá yìí kígbe, ó dì mọ́ mi, a jọ sunkún débi pé ìborí mi bọ́ sílẹ̀. Ó fi mí jókòó, ó fún mi lómi, ó rọ gààrí sínú ìkòkò rẹ̀, ó ń ṣàdúrà bọ̀ bí ó ti ń rọ ọ́. "Alhamdulillahi. Ọlọ́run ò gbàgbé mi. Làmídì ńkọ́? Ṣé Kùmásí náà ló ṣì wà?"

Mo ní, "Ta ni Làmídì?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu ìkòkò. Ó wò mí. Èmi náà wò ó. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó pin èèyàn méjì níyà kíákíá bẹ́ẹ̀ rí.

"Ìwọ kì í ṣe ọmọ Làmídì ẹ̀gbọ́n mi?"

"Rárá mà. Sámúẹ́lì ni bàbá mi. Kápẹ́ńtà ni. Ó wọ ìjọ aládùúrà, ni wọ́n bá..."

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Súlè! Súlè kápẹ́ńtà, tó wọ sùtánà wọlé! A, Sàlámátù lò ń wá, kì í ṣe èmi."

Ọgọ́ta ọdún ku ẹyọ kan ni mo jẹ́, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé Súlè ni bàbá mi tẹ́lẹ̀. Ẹnu àjòjì ni mo sì ti gbọ́ orúkọ Àǹtí mi, níwájú ilé ẹni ẹlẹ́ni, tí gààrí tí mo gbé wá fún un sì ti wà nínú ìkòkò ẹlòmíì. Orí mi fò lọ. Mo bi í pé Eyínfúnjowó mélòó ló wà lábúlé yìí gan-an.

"Ilé wo ni ò ní?" ó ní. "Àbí ìyàwó ilé yín nìkan ló lójú tó fi rí eyín funfun ni?" Lẹ́yìn náà ló fi etí ìró nu ojú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní, "Kò burú. Mo ti dì mọ́ ẹ ná, mi ò lè gbà á padà." Mo ní kó mú ìdajì gààrí náà, ó mú un, ó bu ìyókù padà sínú abọ́, ó sì dìde láti mú mi lọ fúnra rẹ̀.

Ilé wa ni ilé alámọ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù láàárín àwọn ilé búlọ́ọ̀kù. A gba ẹ̀yìn wọlé. Mo mí kanlẹ̀, mò ń wá òórùn ẹja, kò sí. Eérú inú ààrò ti tutù. Ìyá kan jókòó lórí àga gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Eyín náà pé. Ọ̀kan ò kúrò níbẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní. "Ìyàwó wa, o dé?"

Mo wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni. Ìyá mi ló rí lójú mi, nítorí mo ti gbó, mo sì ti wá jọ ọ́ tán. Ìyá Ráfíù ní, "Sàlámátù, kì í ṣe Ìyàwó o, ọmọ rẹ̀ ni," ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ, tàbí kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ gba abọ́ náà, ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yí ká, ó dé ibi tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó. "O jẹ́ kó bó." Lẹ́yìn náà, "Tó o bá bínú sí bàbá, ṣé o bínú sí èmi náà ni? O pẹ́ o, Ìyàwó."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Ta ló ń bẹ̀ ẹ́, èmi tàbí ìyá mi? Mi ò mọ̀, mi ò sì tíì mọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

"Àṣàkẹ́ mi dà?" ó bi mí. "O ò mú un wá?" Ó gbé ọwọ́ sókè láti fi bí mo ṣe ga nígbà náà hàn mí. Ọwọ́ náà kò ju èjìká rẹ̀ lọ púpọ̀. Mo wo àlàfo tó wà lábẹ́ ọwọ́ yẹn. Mo fẹ́ sọ pé èmi rèé, mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ó wà létí òkun."

Ojú rẹ̀ yí padà lójijì. Ó yíjú sápá odò, ó gbé ohùn sókè, ohùn yẹn náà ni: "Àṣàkẹ́! Má wọ inú omi o! Ibi tí mo ti lè máa rí ẹ ni kó o dúró sí!"

Mo ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá Ráfíù di ejìká mi mú.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Àǹtí mi ní kí n dúró. Ó rọ gààrí náà sínú igbá, ó ṣan abọ́, ó kó àgbàdo sísè mẹ́rin sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n gbé wá fún òun alára láti jẹ, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ní, "Abọ́ yín ni, mà, mo dá a padà ni." Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

"Ṣé ọwọ́ òfìfo ni kí n jẹ́ kó o lọ? Gbé e fún Àṣàkẹ́, oúnjẹ ọ̀nà ni. Sọ fún un pé òun ni kó dá abọ́ mi padà o."

Abọ́ náà ti tún wà lórí àpótí ìyá mi ní Ṣágámù. Mi ò lè sọ bóyá mo ti dá a padà tàbí n kò dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì mọ̀ bóyá ó rí mi tàbí kò rí mi. Ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ náà mọ gbogbo nǹkan: ó mọ òkun, ó mọ Eyínfúnjowó, ó mọ̀ pé ọ̀la ni òun ń bọ̀. Èmi àgbà, mo kàn kúnlẹ̀ ni, mo ní, "Màá sọ fún un, mà." Mi ò dárúkọ ọjọ́ kankan. Ṣùgbọ́n mo ti ra gààrí.