Ẹ Gbé E Sómi Ná: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Bàbá Akinṣọlá, Fọkanáísà Oríta Igbótako

Yéè! Oríta Igbótako dákẹ́ o! Bàbá Akinṣọlá, ó wá di ojú àlá? Bàsíà omi yín ṣì kún níwájú ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ǹṣì wa ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ńlá tí ń rọra yí tíúbù nínú omi ti lọ sinmi.

Èmi Tèmítọ́pẹ́ ni àwọn ọmọ orí bẹ́ǹṣì rán níṣẹ́ láti kọ ọ̀rọ̀ yìí: àwọn ọlọ́kadà, àwọn awakọ̀ takisí tí ń ná Okitipupa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti àwa tí a gboyè tán tí a ṣì ń wá iṣẹ́. Wọ́n ní èmi ni mo mọ ìwé kọ jù. Iṣẹ́ náà wúwo lọ́wọ́ mi, Bàbá, nítorí pé ìyìn nìkan kọ́ ni a gbé wá. A ṣẹ obìnrin kan nítorí ikú yín, ìdágbére wa kò sì lè pé bí a kò bá wí i síta lónìí.

Fọkanáísà ni ayé mọ̀ yín sí. Àwa mọ̀ pé bí ẹ ti ń tún táyà wa ṣe ni ẹ ń tún ìrònú wa ṣe. Bí ọlọ́kadà bá ti ọ̀kadà rẹ̀ dé, tí ó nàka sí ìṣó tó há sára táyà, tí ó ní, "Bàbá, ihò nìyí o, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ kíákíá," ẹ kì í bá a jiyàn. Ẹ ó fa tíúbù yọ, ẹ ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ ó rì í sínú bàsíà, ẹ ó sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn, ibi tí ìṣó wà kò ní hó rárá. Ìdí ẹnu tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i ni omi yóò ti máa hó. Ẹ ó wá gbójú sókè, ẹ ó ní, "Ọma mi, ìṣó lo rí, ihò là ń wá. Nǹkan méjì ni."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe ń yẹ àríyànjiyàn wò. "Ẹ gbé e sómi ná," ni ẹ máa ń wí. Nígbà tí ẹnìkan bá ní òótọ́ ni ọ̀rọ̀ òun nítorí pé gbogbo ọjà ló ń sọ ọ́, ẹ ó bi í pé, "Bí ogún ènìyàn bá fọwọ́ tẹ táyà tó jò, tí gbogbo wọn ní ó le, ṣé yóò gbé ọ dé Erinje?" Nígbà tí ọ̀mùtí àdúgbò wá kígbe pé pákó afárá ọ̀nà oko ti jẹrà, tí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni ọ̀mùtí mọ̀, ẹ ní, "Ẹ lọ wo pákó ná. Ẹmu kọ́ ló ń gbé afárá ró." A lọ. Pákó náà ti jẹrà lóòótọ́. Èmi náà gba tèmi nínú ẹ̀kọ́ yín. Lásìkò ìbò, mo fi ìgbónára wí pé ẹni tí kò bá sí lẹ́yìn wa, ọ̀tá wa ni. Ẹ kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára iṣẹ́ yín tí ẹ fi dáhùn: "Ẹni tí kò bá gun ọ̀kadà, ṣé dandan ni kó wọ takisí? Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín pa gbogbo bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yunifásítì, tí olùkọ́ ń kọ àwọn àṣìṣe ìrònú sára pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dá gbogbo wọn mọ̀ lójú. Orúkọ wọn nìkan ni n kò mọ̀.

Ẹ kì í ṣe áńgẹ́lì o, Bàbá. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yín bá pàdánù, rẹfirí ni ẹ máa ń dá lẹ́bi, àwa a sì hó pé, "Bàbá, ẹ gbé e sómi!" Ẹ ó dáhùn pé, "Omi ti tán nínú bàsíà."

Báyìí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Ní àárọ̀ tí ẹ ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ atẹ́gùn yín tí ẹ kò sì dìde mọ́, ìbànújẹ́ pa ọgbọ́n mọ́ wa nínú. A rántí pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Màmá Ebi, ọmọ Ìjọ́ láti ìlú odò tí ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà wa, gbé ẹja wá fún yín. Ẹnìkan wí pé, "Ó jẹ ẹja rẹ̀ lánàá, ó kú lónìí. Kí la tún ń wá?" Èmi ni ẹni náà. Èmi tí mo gboyè. A rọ́ lọ sí ọjà, a ní kí obìnrin náà má ṣe yọjú síbi ìsìnkú yín láé. Kò bá wa jà. Ó fi àpò bo ẹja rẹ̀, ó sì lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni àyè rẹ̀ ti ṣófo lọ́jà.

A fi ìgbéraga padà lọ ròyìn fún ìyàwó yín. Màmá ní kí a jókòó. Wọ́n ní, "Èmi náà jẹ ẹja yẹn. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́. Èyí tó kù, mo fi jẹ púpurú láàárọ̀. Ṣé òkú ló ń bá yín sọ̀rọ̀?" Wọ́n wọlé, wọ́n mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún yín jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé digbí. "Bàbá yín ní ara òun yá. Ó fọwọ́ tẹ táyà, ó ní ó le. Bóyá òun ló fà á, bóyá òun kọ́. Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ọjà ni obìnrin yẹn ń gbé ẹja wá, gbogbo ọjọ́ ọjà ni a ń jẹ ẹ́ tí a ń jí. Bàbá yín kọ́ yín tó báyìí, ẹ ò wá lè gbé ikú tirẹ̀ sómi?"

Bàbá, láti ibẹ̀ ni a ti dìde.

A lọ dọ̀bálẹ̀ ní ilé Màmá Ebi. Ó ní, "Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, wọ́n ní olè ni gbogbo ará odò. Bàbá yín ló bi wọ́n pé, 'Gbogbo wọn? Mélòó lẹ ti rí?' Ẹja ọpẹ́ ni mo ń gbé fún un láti ìgbà náà." A bẹ̀ ẹ́ kí ó wá síbi ìsìnkú. Kò sọ pé òun yóò wá. Kò sì sọ pé òun kò ní wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Igbótako, Àyèká àti Erinje tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwa tí a dá a sílẹ̀: ẹ̀sùn tí a fi kan Màmá Ebi kì í ṣe òtítọ́. Ẹni tó bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibòmíràn, kí ó jọ̀wọ́ gbé àtúnṣe yìí tẹ̀lé e. Àga kan wà ní iwájú níbi ìsìnkú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó olóògbé. Màmá Ebi ló ni ín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sí i. Bí ó bá ṣófo títí ìsìn yóò fi parí, ẹ mọ̀ pé àwa ni a mú kí ó ṣófo.

Bàbá Akinṣọlá, onísùúrù tí kì í lẹ ibi tí kò jò, a ti gbé e sómi. Obìnrin ẹlẹ́ja ni ìṣó tí a rí. Ara wa ni ihò wà.

Ẹ sùn re o, Bàbá, ẹ sùn re. A kò ní jẹ́ kí omi tán nínú bàsíà.

Tèmítọ́pẹ́,
ní orúkọ gbogbo ọmọ orí bẹ́ǹṣì