Ọjọ́ tí a di ẹrù kún baṣé lọ sí Àjàṣẹ́

Nígbà tí ọkọ mi ra baṣé rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ní ìjókòó níwájú àti lẹ́yìn, ohun tó ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé kì í mu epo. Ó ti dá wà á lọ sí Àjàṣẹ́ rí láìkó ẹrù kankan. Ó ní òun rọ epo kún táǹkì ní Ṣábẹ̀ níbi tí à ń gbé, òun lọ, epo kan náà ló sì gbé òun padà dé Bòhìkọ́n. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí àwa méjèèjì ti ń kọ́ ọmọ, kò sí olùkọ́ tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò rẹ̀ obìnrin bímọ ní Àjàṣẹ́, a sì fẹ́ gbé ìyá wọn lọ wẹ ọmọ. Ọkọ mi ní kí Màmá di ẹrù díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ó lọ, a bá òkìtì iṣu lẹ́nu ọ̀nà wọn, àpò gàrí méjì, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, agbọ̀n adìyẹ, ìdì igi ìdáná, àti odó.

"Màmá, ṣé kò sí odó ní Àjàṣẹ́ ni?" ọkọ mi bi wọ́n.

"Ó wà," ni wọ́n dáhùn. "Tiwọn nìyẹn. Tèmi nìyí."

A kó gbogbo rẹ̀, a rọ epo kún táǹkì, a sì gbéra.

A ò tíì dé Dásà tí abẹ́rẹ́ tó ń fi bí epo ṣe kù hàn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ mi fi ìka kàn án, bóyá ó há ni. Kò há. Ọmọbìnrin wa àgbà, tó jókòó tì mí lẹ́yìn, ní, "Pàpá, ó tún ti sọ̀ kalẹ̀." Ńṣe ni bàbá rẹ̀ tẹ iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀, tapólíìnì tí a fi bo ẹrù wá ń lu gbà-gbà-gbà.

"Kí lò ń lé?" Màmá, tó jókòó níwájú, bi í.

"Kí epo má baà tán kí a tó dé ni, Màmá."

Mi ò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Màmá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo ń ru iṣu bọ̀ láti oko Ofẹ̀, bí mo bá sáré, ìdajì ọ̀nà ni agbára mi ń tán sí. Rọra, ọmọ mi."

Ó rọra. Ní Dásà, a fa okùn tapólíìnì le, ẹni tó ń fẹ́ táyà sì bá wa fẹ́ ti ẹ̀yìn méjèèjì, tó ti rọ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Láti ibẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́ là ń lọ. Abẹ́rẹ́ ò yára mọ́. Màmá ń tẹ̀ síwájú wò ó lóòrèkóòrè bí ẹni tó ń wo ọbẹ̀ lórí iná.

A kọjá Bòhìkọ́n, ṣùgbọ́n ní Àládà, ó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀. Ọkọ mi yà lọ ra epo. Nígbà tó padà wọnú ọkọ̀, kò wo ojú mi.

"Òfìfo ni mo fi dán an wò," ló sọ jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀," ni mo fèsì.

Màmá ti ra ọ̀pẹ̀yìnbó létí ọ̀nà. A jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ títí omi rẹ̀ fi ń ṣàn dé ìgúnpá àwọn ọmọ, bàbá wọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán la dé Àjàṣẹ́. Kí Màmá tó jókòó, ọmọ tuntun ti wà lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kejì, a fi Màmá sílẹ̀ ti ọmọ tuntun, ọkọ mi na kọ́kọ́rọ́ sí mi, ó ní kí n wa ọkọ̀ padà sílé. Mi ò tíì wà á jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn ọmọ ń kọrin, èmi ni mo sì kọ́kọ́ rí àwọn òkè Ṣábẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ lókèèrè.