Àlùbọ́sà Lórí Hàǹtú

Kí n tó gbà kí ọmọbìnrin mi máa wọ ilé bàbá kan tí kì í ṣe ẹbí wa, mo ní láti kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí bàbá náà jẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò ọ̀tún, mo béèrè lọ́wọ́ ti òsì, lẹ́yìn náà ni mo lọ kan ilẹ̀kùn fúnra mi. South Thamesmead ní London là ń gbé, ilẹ̀kùn wa sì dojú kọ tiwọn. Wọ́n ní oníwèé ìròyìn ni àwọn, pé àwọn sì ti kọ ìwé ìtàn àròsọ ní èdè Lárúbáwá. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ka ìwé ìròyìn òyìnbó sókè fún wọn, kí wọ́n lè kọ èrò wọn ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn ará ilẹ̀ wọn.

Mo ní ọmọ mi lè máa lọ ní Sátidé, ṣùgbọ́n èmi náà á máa bá a lọ.

"Mummy, o ti tún bẹ̀rẹ̀."

Ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, "ẹ" àti "o" kò sì yàtọ̀ síra lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé ẹ̀wà tí mo fẹ́ ṣà dání, mo jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù nílé bàbá náà.

"Mummy, ẹ sún wọlé díẹ̀," ni Bàbá wí. Ẹnu ọmọ mi ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ yẹn. "Ṣé ẹni tí kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dáadáa ni yóò jí ọmọ gbé?"

"Uncle, ibí ni atẹ́gùn wà."

Oṣù kìíní ọdún ni. Òtútù ń gbabẹ̀ wọlé bí ẹni tó ń san owó ilé.

Bí ọmọ mi ṣe ń kàwé, Bàbá tẹ́ ìwé ìròyìn kan sórí tábìlì, wọ́n gbé àlùbọ́sà lé e, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Mo wo ìwé náà. Hàǹtú ni, ìkọ̀wé Lárúbáwá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìjọ Aládùúrà ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n Ààfáà ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n bí mi sí. Bí ọmọdé àdúgbò wa bá rí hàǹtú nílẹ̀, ìjọ yòówù kí bàbá rẹ̀ máa lọ, yóò he é, yóò sì fi há ihò ara ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi kò tíì gbọ́ pé a ti dé London; ó ti nà sí tábìlì.

"Uncle! Ẹ gbé àlùbọ́sà yẹn kúrò lórí nǹkan mímọ́!"

Bàbá gbé ìwé náà sún mọ́ imú wọn. "Mímọ́ kẹ̀? Èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì tó pẹ́ kó tó dé ni."

"Ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì. Hàǹtú ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àbí àlùbọ́sà ni, mi ò mọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti bó àlùbọ́sà tán, èmi ni mò ń gbọn èèpo kúrò, tí mò ń nu ìwé náà, tí mò ń ká a lọ sílé. Inú báàgì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mò ń kó wọn sí.

Ohun tó wá bà mí lẹ́rù kì í ṣe ti àlùbọ́sà. Bí a ṣe ń ti ibẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọ mi ní òun ò ṣe nọ́ọ̀sì mọ́. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn lòun fẹ́ kọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mo ti ń gbàdúrà fún. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni èmi fúnra mi ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ọlọ́pàá tó wá mú mi níbẹ̀ rí. Bàbá yìí ńkọ́? Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́: wọ́n kọ iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì nílùú wọn, àwọn agbófinró sì tì wọ́n mọ́lé. Nígbà tí Bàbá jáde, wọn ò dúró kí búrẹ́dì wọ́n sí i kí wọ́n tó sá.

"Mummy, ibí kọ́ nìyẹn ṣẹlẹ̀," ni ọmọ mi wí.

"Wọ́n ń ta búrẹ́dì níbí náà."

Mo gbààwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dá lọ bá Bàbá. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kó padà sídìí nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ yín ló ń gbọ́."

Wọ́n ní kí n lọ gbé báàgì hàǹtú mi wá. Wọ́n fa ìwé kan yọ, wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé, wọ́n sì ń tú u sí òyìnbó fún mi díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà Beresford Square, níbi tí mo ti máa ń rajà, ni. Obìnrin kan dúró níwájú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ńlá àtijọ́, ó ń wò ó bí dókítà ṣe ń wo aláìsàn, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó béèrè ọjọ́ tó ti dé, ó sì kọ̀ láti gbà á sílé ìwòsàn.

"Èmi nìyí!"

"Ó lè jẹ́ ẹlòmíì."

"Èmi ni. Ẹnu ọmọ mi lẹ ti gbọ́ ọ, ẹ sì ṣì í kọ. Ìsọ̀ yẹn kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ńlá àtijọ́ yẹn, iwájú ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí ló wà. Mi ò tẹ ikùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí. Ìdí rẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ rọ̀."

Bàbá mú pẹ́ńsù, wọ́n kọ àtúnṣe mi sétí ìwé náà. "Iye búrẹ́dì tí mo kọ, ó péye. Ká ní mo ṣì í kọ ni, wọn ì bá kàn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ì bá má tì mí mọ́lé."

Ọ̀rọ̀ yìí kò tù mí nínú rárá.

"Mi ò lè lé ọmọ náà kúrò nídìí ohun tó wù ú," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn."

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Mo gbà kó kọ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n mo ní ohunkóhun tí ọmọ mi bá fẹ́ tẹ̀ jáde, èmi ni yóò kọ́kọ́ kà á fún. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ fún ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ àdúgbò wa, ó ní gbogbo iná àtẹ̀gùn ilé wa ló ti kú.

"Ti iwájú ilẹ̀kùn wa kò tíì kú. Ó ń ṣẹ́jú ni."

"Mummy!"

"Kọ ọ́ pé ó ń ṣẹ́jú."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé náà jáde, a gbé e lọ fún Bàbá. Wọ́n fọwọ́ pa á lára, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n sì na ọwọ́ mú àlùbọ́sà. Ojú wọn le koko bí ti àlùfáà tó fẹ́ ṣèrìbọmi.

"Ní báyìí," ni wọ́n wí fún ọmọ mi, "o ti di oníwèé ìròyìn."

Kí àlùbọ́sà tó balẹ̀, mo ti fa ìwé náà yọ.

"Mummy, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ o!" Ẹ̀rín kò jẹ́ kí ọmọ mi mí.

"Mo mọ̀. Uncle, ẹ lọ bó o sórí tiyín."

Wọ́n fa tiwọn yọ. Mo ní kí wọ́n rọra, torí èmi náà ni mo máa nù ún.